Kí Orin Tó Dún, Mọ Ọ̀nà Tí Iná Ń Gbà: Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ DJ

Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró omi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́ o, ọ̀sà Àgbádárìgì ni. Etí omi ni mo jókòó sí lónìí, ní ọ̀nà Marina, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò sọdá sí Gberefu.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ ti ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ ń bèèrè rẹ̀ jù. Ẹ ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ DJ. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Kí ni kí n kọ́kọ́ mọ̀?" Mo ti ń fi ìdáhùn rẹ̀ falẹ̀, torí pé ìtàn ìtìjú kan wà nínú ìdáhùn tí mo ní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, kí ara lè tù mí, kí ẹ̀yin náà sì lè rí nǹkan mú lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọjọ́ ìbí kan níbí ní Àgbádárìgì, nínú àgbàlá ilé kan tó kọjú sí ọ̀sà. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ṣì tutù, yanrìn ṣì mu omi. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan nígbà náà, ọmọ ọdún 19, kò tíì pé oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ mi. Iná NEPA wà, nítorí náà a fa extension láti inú ilé wá sábẹ́ kánópì.

Amplifier tí mo ń lò nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń kùn. Bí a bá ti tàn án báyìí, "hùùùù" ni sípíkà máa ń ṣe, bí ẹni pé oyin wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé kí n tú pọ́lọ́ọ̀gù rẹ̀, kí n gé wáyà tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè nínú rẹ̀, pé kíkùn náà á dáwọ́ dúró. Mo gé e. Ó sì dáwọ́ dúró lóòótọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méje alẹ́, ọmọ náà ti bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ó mú máìkì kí ó lè dán an wò. Ẹ mọ bí a ṣe ń dán máìkì wò: "one, two, one, two." Ó ní "one." Kò lè sọ "two." Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ máìkì, ara rẹ̀ le gbagidi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn kan tó ti jókòó rò pé eré ló ń ṣe, wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi sáré lọ láti fà á kúrò. Ká ní mo fọwọ́ kàn án ni, àwa méjèèjì ni wọn ì bá jọ gbé. Ìyá kan tó ń se ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló pariwo pé, "Má fọwọ́ kàn án!" Òun náà ló sì pa súwíìṣì tó wà lára ògiri.

Ọmọ náà ṣubú. Nígbà tó yá, ó mí. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọlọ́run yọ wá. Àpá iná ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìwòsàn. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́kọ́ kọ́ ọmọ mi?"

Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan sọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe ń fi orin kan wọ inú òmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki ọlọ́jọ́ ìbí kí ó lè náwó. N kò kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa iná. Bẹ́ẹ̀ iná ló ń kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ kí orin tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Wáyà kan ti bó nínú amplifier yẹn, ó sì ń kan ara irin rẹ̀. Wáyà tí mo gé, wáyà ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí iná bá ṣìnà wọ ara irin, òun ló máa gbé e lọ sílẹ̀ kíákíá, fúúsì á jó, gbogbo nǹkan á sì kú láìpa ẹnikẹ́ni lára. Èmi ti dí ọ̀nà yẹn. Iná wá wá ọ̀nà mìíràn. Ó gba ara amplifier, ó gba wáyà míkísà, ó gba máìkì, ó gba ara ọmọ ọlọ́mọ, ó sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù wọ ilẹ̀. Kíkùn tí mo ń sá fún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ló ń kìlọ̀ fún mi.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, Les Harvey, ẹni tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin Stone the Crows, fọwọ́ kan máìkì lórí ìtàgé ní ìlú Swansea ní Wales. Wọn ò so ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Iná gbé e níṣojú àwọn òǹwòran, ó sì kú. Ògbóǹtarìgì ni o, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Iná kì í bèèrè pé ọdún mélòó lo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá lọ sí Marina ti Èkó, ẹ ó rí ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe, tí wọ́n gbé síwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná ní ọdún 1964. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ẹni tó bá ń bá iná ṣiṣẹ́, kó mọ ẹni tó ń bá lò.

Nítorí náà, láti ọjọ́ yẹn, ọmọ iṣẹ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi kì í fọwọ́ kan orin ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí mò ń kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí. Ẹ mú bírò.

Èkíní, ilẹ̀. Kí ẹ tó já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, ẹ rìn yí ibẹ̀ ká. Níbo ni omi ń gbà bí òjò bá dé? Níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń wá? Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ létí òkun, yálà ní Gberefu tàbí ní Suntan, omi kì í jìnnà sí wa. Ẹ má gbé extension lé yanrìn lásán. Ẹ wá pákó gbígbẹ, tábìlì, tàbí àpótí, kí ẹ gbé gbogbo ibi tí iná bá ti so pọ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Ẹ mú taápólì dání nígbà gbogbo, kódà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí òjò bá dé lójijì, ẹ kọ́kọ́ pa iná níbi tó ti ń wá, kí ẹ tó máa kó ẹ̀rọ. Bàtà ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ọwọ́ tó tutù ò sì gbọdọ̀ kan ohunkóhun.

Ẹ rántí iyọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń gbé iyọ̀, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin. Ẹ wo ẹnu pọ́lọ́ọ̀gù yín, bí ẹ bá rí nǹkan tó dàbí ewé lára rẹ̀, ìpẹtà ni. Ibi tó bá ti dípẹtà máa ń gbóná bí iná bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ etí òkun, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo ẹ̀rọ àti ẹnu wáyà. Aṣọ tútù kọ́, aṣọ gbígbẹ ni mo wí. Kí ẹ sì ti yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ tó nù ún.

Èkejì, orísun iná. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa, jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣe é. Ìta gbangba ni ààyè jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yìn kánópì, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Ó kéré tán, kó jìnnà tó ìwọ̀n mítà 6 sí ibi tí ènìyàn wà. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Á kàn mú orí fọ́ ọ, á mú oorun kùn ọ́, o ò sì ní jí mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n bá òkú ọ̀dọ́ méje nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ orin kan ní Amarata, ní Yenagoa, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin bíi tiyín ni wọ́n o.

Níbi tiwa ní etí òkun, ẹ tún fi èyí kún un: afẹ́fẹ́ máa ń yí. Lọ́sàn-án, láti orí òkun ló sábà máa ń fẹ́ wá sórí ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó lè yí padà. Jẹnẹrétọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń lọ kúrò lọ́dọ̀ yín ní aago mẹ́rin, ó lè máa fẹ́ èéfín sójú àwọn ọmọdé ní aago mẹ́wàá. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárín eré. Ẹ má sì da epo bẹntiróò sí i nígbà tó bá ṣì gbóná tàbí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa á, kó tutù ná. Ẹ sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sẹ́ni tí yóò kú torí pé orin dákẹ́.

Ẹ ṣe ìṣirò agbára rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ iye watt tó ń jẹ sí. Bí sípíkà méjì bá ń jẹ 500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,000. Láptọ́ọ̀pù 100, ẹ̀rọ DJ 50, iná aláwọ̀ 150. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,300. Bí jẹnẹrétọ̀ yín bá lè gbé 2,000 watt láìdúró, ẹ má lò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ, ìyẹn 1,500. Ó gbà wá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá pé òun fẹ́ so fíríìjì tàbí ìkòkò oníná mọ́ extension yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó wá ibòmíràn. Extension tó wà lórí rọ́ọ̀lù, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ká a jọ, á máa gbóná nínú ara rẹ̀ títí á fi yọ́.

Ẹ̀kẹta, wáyà ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni pọ́lọ́ọ̀gù wa ní, èyí tó gùn jù lókè ni ti ilẹ̀. Ẹ má kán an, ẹ má gé wáyà rẹ̀, ẹ má sì gba ọmọ ẹnikẹ́ni láyè láti gé e. Bí sípíkà bá ń kùn, ọ̀nà wà láti wo ó sàn. Ẹ so gbogbo ẹ̀rọ mọ́ orísun iná kan náà. Ẹ ya wáyà orin sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná. Ẹ lo wáyà XLR, èyí tí ẹnu rẹ̀ ní ihò mẹ́ta, láti míkísà dé sípíkà. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, ara wáyà orin ni wọ́n ń fi í sí, kì í ṣe ara wáyà iná. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ sì ra súwíìṣì tí wọ́n ń pè ní RCD, èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára. Bí iná bá ń jò gba ara ènìyàn, ó máa ń já kí ọkàn tó dáwọ́ dúró. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́lẹ̀ hàn yín, torí RCD nìkan lè má tó níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, títo ẹ̀rọ. Kí gbogbo nǹkan wà ní pípa nígbà tí ẹ bá ń so wáyà. Láptọ́ọ̀pù sí ẹ̀rọ DJ, ẹ̀rọ DJ sí míkísà, míkísà sí sípíkà. Ẹsẹ̀ irin tí sípíkà dúró lé, yanrìn máa ń gbé e mì. Ẹ fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ la ẹsẹ̀ náà dáadáa, ẹ má fà á sókè jù, kí ẹ sì fi àpò yanrìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ò mọ̀ pé gbèsè lẹ fi ra sípíkà, ọmọdé tó ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀ náà ò sì mọ̀ pé ó wúwo.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan iná, ẹ rántí ọba. Nínú àpéjọ, ta ló ń dé kẹ́yìn? Ọba ni. Ta ló sì ń kọ́kọ́ dìde lọ? Ọba náà ni. Sípíkà àti amplifier ni ọba. Ẹ tan láptọ́ọ̀pù, ẹ tan ẹ̀rọ DJ, ẹ tan míkísà, ẹ fi ohùn sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó wá tan sípíkà. Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́, sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bí ẹ bá pa míkísà nígbà tí ọba ṣì jókòó, ẹ ó gbọ́ "gbì!" Ìró yẹn ló ń ya awẹ́ inú sípíkà.

Ẹ̀karùn-ún, ohùn. Iná kéékèèké wà lára míkísà: ewé, ìyeyè, pupa. Ẹ jẹ́ kí orin máa jó nínú ewé, kó máa fọwọ́ kan ìyeyè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá wọ pupa, kì í ṣe pé ó dùn sí i, ńṣe ló ń fọ́. Sípíkà ń jóná, etí ń kú.

Àwa tí a dàgbà sí ìlú tí àwọn Ògù ti ń lu ìlù Sátò, a mọ̀ pé ìró máa ń wọ ara ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ìlù máa ń sinmi, sípíkà kì í sinmi. Àwọn onímọ̀ ìlera ní etí lè fara da 85 decibel fún wákàtí 8 lójúmọ́. Gbogbo 3 decibel tó bá lé, àkókò náà á pín sí méjì. Bó bá di 88, wákàtí 4 ni. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹ ṣírò òru kan tí ẹ fi ṣeré láti aago mẹ́sàn-án dé aago méjì. Ẹ ra ìdí-etí, kò wọ́n. Ẹ má gbé sípíkà kọjú sí orí ara yín. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn eré, ó ti ń ké bá yín nìyẹn. Ẹ sì rántí àwọn aládùúgbò: LASEPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, fi 55 decibel sí ojú ọ̀sán àti 45 sí òru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Ẹ bá baálé àdúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá dé.

Ẹ̀kẹfà, ó sì ni pàtàkì jù: bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná níbi tó ti ń wá. Bí ẹ ò bá rí i pa, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà náà kúrò lára rẹ̀. Ẹ pe 767 tàbí 112. Bí kò bá mí, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà kó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá tilẹ̀ dìde tó ní kò sóhun tó ṣe òun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wo ọkàn rẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó bá bá yín lọ sóde mọ ibi tí súwíìṣì ńlá wà kí orin àkọ́kọ́ tó dún. Lọ́jọ́ tèmi, ìyá tó ń se ọbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Èmi ọ̀gá ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó gbẹ̀yìn ọmọ náà. Oṣù méjì ló fi wà nílé. Mo rò pé kò ní padà wá mọ́, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti ìyá rẹ̀ dé sí ẹnu ọ̀nà mi. Ìyá náà ní, "Ọ̀gá, ó ní iṣẹ́ yìí lòun fẹ́. Ẹ tún kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo gbé amplifier yẹn jáde, èyí tí mo ti ra pọ́lọ́ọ̀gù tuntun fún, tí oníṣẹ́ ti tún inú rẹ̀ ṣe. Mo fún ọmọ náà ní sukudíráfà, mo ní kó tú pọ́lọ́ọ̀gù náà, kó fi wáyà ilẹ̀ hàn mí. Ó fi hàn mí. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń wò wá, kò sì lọ títí tí ọmọ fi dè é padà.

Ó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù báyìí, ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń lọ sóde ní Àjárá, ní Topo, àti ní ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀. Àwọn tó ń pè é sóde máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé DJ yìí, kì í kọ́kọ́ bèèrè oúnjẹ, kì í kọ́kọ́ bèèrè owó. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni súwíìṣì ńlá wà?"

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ń bèèrè ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rà, ìdáhùn mi rèé: ẹ ra pọ́lọ́ọ̀gù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó dára, RCD kan, àti bàtà tí omi ò lè wọ̀. Ẹ̀rọ orin á tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, a ó dáhùn wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá mọ ọmọ iṣẹ́ DJ kan ní àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ètò yìí kó tó jáde lọ́jọ́ Sátidé. Ó dìgbà kan ná o. Iná ò ní gbé wa.